Òrí Kò Ní Kan Rọ́bà Yìí

"Awọ ẹranko ni," Bàbá Àbdùlsàlámì wí, ó sì ju rọ́bà tó bàjẹ́ náà sílẹ̀ níwájú gbogbo ará ilé. "Ẹranko ìlú òyìnbó ni, ṣùgbọ́n awọ náà ni. Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí ni ẹ kò mọ̀ ọ́n tọ́jú."

Rọ́bà náà balẹ̀, ó sì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti wú, ó ti rọ̀, bí ènìyàn bá sì fi ọwọ́ kàn án, dúdú rẹ̀ yóò bá ọwọ́ lọ. Kí ó tó dà bẹ́ẹ̀, òun ni páìpù tí ń fa omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, kí irin inú rẹ̀ má baà gbóná jù. Ẹ́ńjìnnì náà nìyí ní àárín àgbàlá, ó jókòó lé orí ìtì igi, nínú ilé àwọn oníṣẹ́ awọ ní Ìlọrin, níbi tí kò sí odò kan nítòsí tó lè gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ ilé ti ń fi ara họ ọ́.

Ní Jẹ́bà ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà, létí Odò Ọya. Ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́ ni. Òyìnbó kan tí ń wọn ilẹ̀ ló fi sílẹ̀ nígbà tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé ọ̀dọ̀ wa. Yísà, àbúrò Bàbá Àbdùlsàlámì, ló rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Yísà fi abẹ́rẹ́ tí ó fi ń rán gàárì ẹṣin sílẹ̀, ó di ọlọ́kọ̀, ó ń kó èrò àti ẹrù gòkè odò, inú rẹ̀ sì dùn sí i títí Ọlọ́run fi pè é. Kí ó tó kú, ó pe àwọn ẹlẹ́rìí, ó sì fi ọkọ̀ náà ta àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì lọ́rẹ, Binta ìyálé àti Mùnírátù ìyàwó. Binta ló ń rán aṣọ ìgbòkun bí ó bá ya. Mùnírátù ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, nítorí ó ti bá ọkọ rẹ̀ ṣe é títí etí rẹ̀ fi mọ ohùn rẹ̀ bí ìyá ti í mọ ẹkún ọmọ.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé Yísà kò fún wọn. Ohun tí Bàbá Àbdùlsàlámì ń sọ ni pé ọkọ̀ tí kò lè lọ kì í ṣe ọkọ̀ mọ́. Ìgbòkun nìkan kò lè gbé e gòkè ní Jẹ́bà, nítorí omi ń sáré gidigidi láàárín àwọn àpáta ibẹ̀. Ó ní láti ní ẹ́ńjìnnì. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni páìpù yìí yọ kúrò lẹ́nu ẹ́ńjìnnì ní àárín odò, omi sì gbé wọn padà sísàlẹ̀ pẹ̀lú èrò inú ọkọ̀ tí wọ́n ń ké pe Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti wà ní dídè. Àwọn oníṣòwò òyìnbó kan ní Jẹ́bà sì ti sọ pé àwọn yóò rà á, àwọn yóò tú pákó rẹ̀ kọ́ àgọ́.

Nígbà tí Mùnírátù gbọ́ pé Bàbá fẹ́ gbà fún wọn, ó ní kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, ó fi ọkọ̀ ojú irin gbé e wá sí Ìlọrin, ó sì gbé e kalẹ̀ sáàárín ilé, kí gbogbo ẹbí lè fi ojú ara wọn rí i pé kò tíì kú.

"Ó dára," Bàbá wí. "Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí a bá ti kí ìrun Alásàrí tán, ẹ tan án. Bí ó bá ṣiṣẹ́ láìdúró títí ládánì yóò fi pe ìrun Mọ̀ngàríbì nígbà tí oòrùn bá wọ̀, ọkọ̀ di tiyín, n kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá dákẹ́ kí ó tó di ìgbà náà, a ó tà á."

"A gbà," ni Mùnírátù dáhùn.

"Ìwọ nìkan kọ́ ló ni ín. Ìyálé rẹ ńkọ́?"

Binta kò gbé ojú kúrò lára aṣọ tí ó ń rán. "Ẹ̀yin ẹ wá tìmùtìmù tó nípọn, Bàbá. Láti Alásàrí dé Mọ̀ngàríbì, ìdí á ro yín."

Àwọn ọ̀dọ́ ilé fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mùnírátù ká rọ́bà náà nílẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé kò sí ohun tí òun ń tọ́jú tó o láyé. Nínú ilé àwọn oníṣẹ́ awọ, òrí ni oúnjẹ gbogbo nǹkan. Òrí ni wọ́n fi ń pa gàárì àti ìjánu kí ó má baà ya, òrí ni wọ́n fi ń pa bàtà, òrí ni wọ́n fi ń pa ara ọmọ tuntun. Ohun tuntun kan kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ilé náà láìjẹ́ pé àgbà ilé bu òrí, kí ó fi pa á, kí ó ṣe àdúà sí i, kí gbogbo ènìyàn sì ṣe àmín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe nígbà tí Yísà kọ́kọ́ gbé páìpù yìí dé. Láti ìgbà náà, ní gbogbo àárọ̀ ọyẹ́, Mùnírátù ń fi òrí pa á nínú àti lóde, pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́. Bí ó sì ti ń pa á tó, bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà ń bàjẹ́ sí i.

Ó fi ọṣẹ fọ dúdú tó mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò lọ. Ó fi iyanrìn họ ọ́. Kò lọ.

"Kí lò ń jà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ sí?" Binta bi í. "Bu òrí sí i."

Mùnírátù bu òrí, ó pa á. Lẹ́sẹ̀kan náà dúdú náà yọ̀, ó tú, ó ṣàn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìdọ̀tí lásán. Mùnírátù dúró, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ní Òkè-Oyì, níbi tí wọ́n ti bí i, àwọn ọkùnrin máa ń lọ sí ipadò láti dá ìtàkùn kan tí ń ṣe oje funfun bí wàrà. Oje náà ni wọ́n ń sè tí ó ń di rọ́bà, tí àwọn oníṣòwò ń rà. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ àwọn ọmọdé lára, omi kò lè ṣe é ní nǹkan. Òrí ni ìyá rẹ̀ fi ń yọ ọ́.

"Kì í ṣe awọ," ó wí. "Ìyálé mi, kì í ṣe awọ ẹranko kankan. Oje igi ni. Òrí ló pa á."

"Òrí wo?"

"Òrí tí a fi ń tọ́jú rẹ̀. Òrí ń jẹ ẹ́. Èmi ni mo pa á. Àti ẹ̀yin, ní ọjọ́ tí ara mi kò yá. Àti Bàbá, ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé."

Binta fi abẹ́rẹ́ há inú gèlè rẹ̀. "Subuhánà lílàhi. N kò tíì jẹun àárọ̀, mo ti di apànìyàn." Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ síwájú, ó wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì tún wo rọ́bà. "Má sọ ọ́ fún wọn. Wọn kò ní gbà. Jẹ́ kí a lọ ra òmíràn ná."

Wọn kò lè lọ ní àwọn nìkan. Bàbá Àbdùlsàlámì ní kò sí ẹni tí yóò ra awọ láìsí òun, ó sì gbé agbádá wọ̀, ó ṣíwájú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àúdù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin. Àúdù ń ta ohunkóhun tí ó bá ti inú ọkọ̀ ojú irin jáde: ìṣó, àtùpà, ẹ̀wọ̀n, abọ́ onírin. Níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ó fi àwọn páìpù rọ́bà kọ́ sí, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán yanranyanran nínú oòrùn.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá wa! Ẹ̀yin ìyá, ẹ káàbọ̀. Rọ́bà rèé o. Ẹ lè fi wo ojú bí dígí. Wàláì, àràárọ̀ ni mo ń fi òrí pa wọ́n fúnra mi!"

"Ẹ rí i?" Bàbá yíjú sí àwọn obìnrin. "Ẹ rí ẹni tó mọ iṣẹ́. Dì í fún wa, Àúdù."

"Má dì í," ni Mùnírátù wí.

Ó na ọwọ́, ó fi èékánná tẹ rọ́bà tó ń dán náà. Ojú èékánná náà wà níbẹ̀, kò dìde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu rẹ̀ kan, ó fi ẹnu sí èkejì, ó sì fà á. Rọ́bà náà tẹ́ pẹlẹbẹ, inú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ mọ́ra.

Àwọn alábàárù tó wà níbẹ̀ kígbe ẹ̀rín. "Ìyá ń fun fèrè!"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán wọn ni!"

"Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa omi, báyìí ni yóò ṣe," Mùnírátù wí fún Àúdù, kò tilẹ̀ wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. "Yóò lẹ̀ pọ̀, omi kò ní kọjá. Èmi fẹ́ èyí tí òrí kò kàn rí."

"Èyí tí òrí kò kàn? Ìyá, ta ni yóò ra irú èyí?"

"Èmi."

Àúdù wo Bàbá, Bàbá wo ojú ọ̀run. Nígbà tí Àúdù rí i pé obìnrin náà kò kúrò, ó wọlé, ó yí àwọn àpò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fa ìdì kan jáde tí eruku ti bò. Rọ́bà náà le, ara rẹ̀ sì ti funfun. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ní wáyà irin tí ó yí inú rẹ̀ ká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkejì kò ní wáyà, ṣùgbọ́n ó nípọn, aṣọ sì wà láàárín rọ́bà rẹ̀ bí aṣọ ìtẹ́nú nínú ẹ̀wù.

Mùnírátù fi èékánná tẹ wọ́n; ojú èékánná kò dúró. Ó ká wọn. Wọ́n nà padà. Ó fi ẹnu fa èyí tó ní wáyà títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wọnú, kò lẹ̀ pọ̀. Nígbà náà ni ó tọ ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lọ, ó tọrọ omi híhó, ó sì ri orí èyí tó ní aṣọ nínú bọ̀ ọ́. Ó fi í sílẹ̀ títí omi fi fẹ́ẹ̀ tutù. Nígbà tí ó fà á jáde, kò rọ̀, kò wú.

"Èyí tó ní wáyà ni yóò fa omi tútù wọlé," ó sọ fún Binta. "Èyí tó nípọn ni yóò tú omi gbígbóná jáde."

"Ṣé èyí?" Bàbá fi ìka tọ́ka sí i. "Èyí tó funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi nǹkan para nínú ọyẹ́? Èyí ni ìwọ yóò gbé wọ ilé àwa oníṣẹ́ awọ, tí ojú kò ní tì ọ́?"

"Ojú kò tì mí, Bàbá."

"Lẹ́yìn tí mo ti yan èyí tó dára?"

"Ẹ yan èyí tó dára lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí a bá wà ní àárín odò, ojú yín kọ́ ni yóò gbé wa."

Kò sí ìyàwó tí í sọ irú rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ ní ìgboro. Binta tú etí ìró rẹ̀, ó san owó fún Àúdù, ó gbé ìdì eléruku náà lé orí, ó sì ṣíwájú. Wọ́n tẹ̀lé e délé.

Títí Jímọ̀ fi dé, Binta kò fi rọ́bà náà sílẹ̀. Ó mọ àwọn ará ilé rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá rí i bí ó ti funfun yóò ṣàánú rẹ̀, yóò sì bu òrí. Nítorí náà abẹ́ ẹní ara rẹ̀ ni ó fi í sí, ó sì ń sùn lé e lórí. Nígbà tí Salimat, ìyàwó Bàbá, wá bi í ohun tó ń ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó fi ń rìn gọ́tagọ̀ta, ó ní ọjọ́ orí ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn Alásàrí, àgbàlá kún. Àwọn àgbà jókòó lórí ẹní, àwọn aládùúgbò dúró yí ògiri ká. Mùnírátù ti gbé ìkòkò ńlá kan, irú èyí tí àwọn obìnrin Òkèlélé ń mọ, sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì ti pọn omi kún un. Rọ́bà oníwáyà ti inú ìkòkò wọ ẹ́ńjìnnì. Èyí tó nípọn ti inú ẹ́ńjìnnì wá sínú agbada amọ̀ kan. Ó fi okùn irin dè wọ́n lẹ́nu dáadáa, ó sì nu gbogbo ibi tí wọ́n ti pàdé irin títí ó fi gbẹ.

Nígbà náà ni Bàbá Àbdùlsàlámì dìde. Abọ́ òrí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí a ṣe é bí a ti ń ṣe é," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò le. Ní tòótọ́, ó ti ń gbàgbé ìbínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó wọ ilé yẹn láti ìgbà bàbá bàbá rẹ̀, ọwọ́ àgbà ilé ti kàn án, kò sì fẹ́ kí ti àwọn opó àbúrò òun yàtọ̀. "Bísímílàhì."

Mùnírátù bọ́ sáàárín òun àti ẹ́ńjìnnì. Ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ ìyàwó ilé, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ ṣe àdúà. Àdúà ni mo ń fẹ́. Ṣùgbọ́n òrí kò ní kan rọ́bà yìí."

Ariwo ta. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Kí lo wí?" Bàbá bi í.

"Bí òrí bá kan ẹnu rẹ̀, yóò yọ̀ kúrò lára irin bí ó bá gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ ṣe yọ̀ lójú odò, tí èrò fẹ́ẹ̀ kú. Bí ó bá sì pẹ́, òrí yóò jẹ ẹ́. Ẹ fi pa mí lórí, Bàbá. Ẹ fi pa mí lẹ́sẹ̀. Ẹ má fi kàn án."

"Ẹni tó bá kọ òrí ilé yìí, ilé yìí ló kọ̀."

"Èmi kò kọ ilé. Ilé yìí ni mo wà láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó, ibẹ̀ náà ni mo ó wà. Òrí ni mo kọ̀."

"Ìwọ ìyàwó àná yìí!"

"Ìyàwó àná kọ́," Binta gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti ẹ̀yìn. "Ọlọ́kọ̀ ni. Bàbá, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lára ẹrù ọlọ́kọ̀."

Bàbá gbé abọ́ náà sókè, ó ya ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kò ní ṣeé kó nílẹ̀ bí ó bá jáde. Mùnírátù kò dúró gbọ́ ọ. Ó dìde, ó yíjú padà, ó di àgbá kẹ̀kẹ́ irin ẹ́ńjìnnì náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ yí i. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ó tún yí i. Ẹ́ńjìnnì bú, èéfín tú, ewúrẹ́ sá, ilẹ̀ àgbàlá gbọ̀n, ohunkóhun tí Bàbá ń sọ kò sì dé etí ẹnikẹ́ni.

Rọ́bà oníwáyà gbọ̀n rìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí fa omi. Láìpẹ́ omi gbígbóná jáde láti ẹnu èkejì, ó ń ṣàn sínú agbada.

Nígbà tí Bàbá rí i pé kò sí ẹni tó lè gbọ́ òun, ó lọ láti ẹni kan sí ẹni kejì, ó ń sọ ọ́ sí wọn létí: kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má bá àwọn obìnrin náà pọn omi. Wọn kò nílò àgbà ilé; kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pọn ọ́n.

Ìyà ńlá ni. Ẹ́ńjìnnì ń mu omi ju bí obìnrin kan ti lè pọn lọ, Mùnírátù kò sì lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Binta nìkan ló ń sáré láti kànga sí ìkòkò, àgbàlagbà obìnrin, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Omi ìkòkò ń lọ sílẹ̀. Omi inú agbada sì gbóná jù láti dà padà. Mùnírátù ń wo ẹnu rọ́bà tó wà nínú omi, ó ń rí i bí omi ti ń sún mọ́ ọn, ó sì ń gbàdúrà láìmi ètè.

Salimat jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Ó rìn kọjá níwájú ọkọ rẹ̀ láìyára, ó dé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá.

"Kí ni mo wí?" Bàbá ké sí i létí.

"N kò bá wọn pọn omi o," òun náà ké padà. "Omi ìwẹ̀ mi ni. Mo ń gbé e kọjá ni, ó dà nù!"

Ó sì padà lọ gbé òmíràn, èyí náà dà nù. Ìyàwó ilé kejì tẹ̀lé e, tirẹ̀ dà nù. Àwọn obìnrin aládùúgbò gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú igbá àti ìkòkò, gbogbo wọn ń kọsẹ̀ níbì kan náà. Ẹ̀rín ń pa wọ́n, omi sì ń gòkè nínú ìkòkò Òkèlélé náà títí ó fi kún dé ètè.

Oòrùn rọ̀. Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí mú. Láti ibi tí mọ́ṣáláṣí wà, ohùn ládánì kọ́kọ́ kéré nínú ariwo ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Mọ̀ngàríbì ni.

Bàbá Àbdùlsàlámì fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí ó pa á.

Mùnírátù kò pa á. Ó sún mọ́ Bàbá, ó sì sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo àwọn àgbà lè gbọ́: "Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́!"

"Àkókò ìrun ti tó!"

"Ó ti tó, Bàbá. Àwa náà fẹ́ kírun. Ẹ sọ ọ́!"

Bàbá gbé abọ́ òrí sílẹ̀, ó yíjú sí àwọn tó jókòó lórí ẹní, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ kígbe pé: "Ti wọn ni! Ọkọ̀ náà, ti Binta àti Mùnírátù ni. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí mọ́!"

Mùnírátù dí ọ̀nà epo. Ẹ́ńjìnnì mí lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbọ́ bí omi ti ń kán láti ẹnu rọ́bà.

Omi inú agbada ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Nínú òtútù ìrọ̀lẹ́ yẹn, àwọn àgbà ń wò ó, ojú ń tì wọ́n láti tọrọ rẹ̀. Bàbá ló kọ́kọ́ tẹ̀ba. Ó ti ìka bọ omi náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rí i pé ó mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe alùwàlá níbẹ̀. Àwọn yòókù ká agbádá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbada.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, Bàbá rìn wá sí ibi tí Mùnírátù ti ń tú àwọn rọ́bà kúrò lẹ́nu irin. Ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ìyàwó. N kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé mi. Bí mo bá wá sí Jẹ́bà, ṣé ẹ ó gbé mi?"

"A ó gbé yín, Bàbá," Mùnírátù wí, ó sì kúnlẹ̀ dáadáa. "Ṣùgbọ́n iwájú ni ẹ ó jókòó, níbi ìgbòkun, ẹ ó sì fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀."